Ìbọn Olówó Pọ́ọ́kú àti Ààbò Oko Wa

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn láàárín àwọn àgbẹ̀ wa, kò sì yẹ kí ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa dákẹ́ lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ni pé kí ìjọba gba olúkúlùkù àgbẹ̀ láàyè láti ra ìbọn òyìnbó tí ń ki ara rẹ̀, irú èyí tí owó rẹ̀ kò ga ju ara lọ, kí ó lè fi dáàbò bo ara rẹ̀ àti ará ilé rẹ̀ nínú oko. Kì í ṣe àwọn jàǹdùkú ni ń sọ ọ̀rọ̀ yìí. Àgbẹ̀ tí ó ti gbin kòkó láti ogún ọdún sẹ́yìn, tí ẹ̀rù sì ń bà á láti lọ ká a, ni ń sọ ọ́. Ìyá tí màlúù jẹ ẹ̀gẹ́ rẹ̀ tán, tí wọ́n sì nà án nígbà tí ó béèrè ìdí rẹ̀, ni ń sọ ọ́. Baba tí ó ta ilẹ̀ kí ó tó lè ra ọmọ rẹ̀ padà lọ́wọ́ àwọn ajínigbé ni ń sọ ọ́.

A kò ní dá wọn lẹ́bi. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹfà ọdún 2022, àwọn apànìyàn wọ inú ilé ìjọsìn àwọn Àgùdà ní ìlú Ọ̀wọ̀ ní ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n sì pa àwọn olùjọsìn tí ó tó ogójì. Bí ilé Ọlọ́run tí ó wà láàárín ìlú kò bá ní ààbò, kí ni kí a wí nípa abà tí ó jìnnà sí ìlú ní ibùsọ̀ mẹ́wàá? Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ fún àgbẹ̀ pé kí ó káwọ́ gbera kí ó máa wo ojú ọ̀run, ọ̀tá àgbẹ̀ ni onítọ̀hún.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí a fẹ́ dáhùn lónìí ni èyí: ṣé ìbọn olówó pọ́ọ́kú yìí, ní ọwọ́ àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ni yóò fún àgbẹ̀ ní ààbò tí ó ń wá? Àwọn tí ń sọ̀rọ̀ lórí ìbọn náà pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tí ó ti gbé e lé èjìká rí nínú wọn kò pọ̀. Àwa ti gbé e lé èjìká, a sì ti yìn ín, ní orílẹ̀-èdè tí òfin ti gbà á láàyè. Ohun tí a rí ni a ó kọ́kọ́ sọ, kí a tó sọ èrò wa.

IRÚ ÌBỌN TÍ Ó JẸ́

Ìbọn tí a ń wí yìí ni a ń pè ní SKS. Ọmọ Rọ́ṣíà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Sergei Simonov ni ó ṣe é ní ọdún 1945, nígbà tí ogun Hitler ń parí lọ. Ní ọdún 1956 àwọn ará China náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tiwọn. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun rí ìbọn mìíràn tí ó yá ju èyí lọ, wọ́n kó o tì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì di ọjà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ènìyàn lè ra èyí tí ó ti China wá ní Amẹ́ríkà ní iye tí kò tó ọgọ́rùn-ún dọ́là. Ìdí nìyí tí ó fi di ìbọn àwọn mẹ̀kúnnù níbẹ̀. Ní ọdún 1994 ni ìjọba Ààrẹ Clinton fi òfin de kíkó ìbọn wọlé láti China, láti ìgbà náà ni owó rẹ̀ sì ti ń gòkè. Síbẹ̀, orúkọ ìbọn olówó pọ́ọ́kú kò tíì kúrò lára rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe àlàyé bí ó ti ń ṣiṣẹ́, kí ó lè yé ẹni tí kò mọ̀ ju ṣakabùlà lọ. Ẹni tí ó ní ṣakabùlà mọ̀ pé láti ẹnu ni òun yóò ti da ètù sí i, òun yóò fi àkísà dí i, òun yóò da ọta sí i, òun yóò fi ọ̀pá gún gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí òun tó fa apátí. Bí ìbọn náà bá ti dún lẹ́ẹ̀kan, àfi kí ó tún gbogbo iṣẹ́ yìí ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ti SKS kò rí bẹ́ẹ̀. Ọta mẹ́wàá ni a ń kì sí ikùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí a bá fa apátí, tí ètù sì gbiná, díẹ̀ nínú èéfín gbígbóná tí ń lé ọta lọ yóò gba ihò kékeré kan tí ó wà lára ọ̀pá ìbọn, yóò sì ti irin kan sẹ́yìn. Irin yìí ni yóò ju ìkarahun ọta tí a ti yìn sí ìta. Sípíríǹgì yóò sì tún tì í padà síwájú, yóò gbé ọta tuntun lọ sí ipò rẹ̀. Gbogbo èyí a parí kí ènìyàn tó ṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n ọta kan ṣoṣo ni ń jáde ní ìgbà kọ̀ọ̀kan tí a bá fa apátí. Èyí ni ó fi yàtọ̀ sí ìbọn arọ̀jò-ọta, tí kì í dákẹ́ títí a ó fi tú ìka sílẹ̀ tàbí tí ọta yóò fi tán.

OHUN TÍ A RÍ NÍ PÁPÁ

Ní ìpínlẹ̀ Texas ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni a ti yìn ín, ní pápá tí a ti ń kọ́ ìbọn yínyìn. Kí a tó fi ọwọ́ kan ìbọn kankan, ọ̀rọ̀ ni a kọ́kọ́ gbọ́. Alákòóso pápá náà ka òfin mẹ́rin fún wa. Èkíní, kí a ka gbogbo ìbọn sí èyí tí a ti kì, bí a tilẹ̀ ti wo inú rẹ̀ tí ó ṣófo. Èkejì, kí a má ṣe kọ ẹnu ìbọn sí ohunkóhun tí a kò fẹ́ pa run. Ẹ̀kẹta, kí ìka má ṣe kan apátí títí ojú yóò fi wà lára àmì, tí ọkàn yóò sì ti pinnu. Ẹ̀kẹrin, kí a mọ ohun tí a fẹ́ yìn dájúdájú, kí a sì mọ ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. A rẹ́rìn-ín sínú nígbà tí a gbọ́ òfin kejì, nítorí pé àwọn baba wa ti sọ ọ́ tipẹ́: ìbọn ní apátí, ìbọn kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a kọ ọ́ sí òun?

Lẹ́yìn èyí, wọ́n fi ohun ìdití dí wa létí, wọ́n fi gíláàsì bò wá lójú. Ìbọn náà kò tó kìlógíráàmù mẹ́rin. Ó wúwo tó ọmọ tuntun jòjòló, ó sì gùn tó mítà kan. Ní ọgọ́rùn-ún yáàdì sí ibi tí a wà ni wọ́n gbé bébà tí a ya àmì sí kọ́. A gbé ìdí ìbọn ti èjìká, a tẹjú mọ́ irin tí a fi ń wo àmì, a sì fa apátí.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yà wá lẹ́nu ni bí iṣẹ́ náà ti rọrùn tó. Kò ta èjìká ẹni bí ìbọn olójú méjì ti í ta á. Kò tú èéfín bo ojú bí ṣakabùlà. Kí a tó mọ̀ pé ọta kìíní ti lọ, èkejì ti wà ní ipò. Ọta mẹ́wàá tán láàárín àsìkò tí baba ọdẹ kan kò ní í tíì da ètù sí ẹnu ìbọn rẹ̀ tán. Ìdùnnú sì wọ inú wa, a kò ní purọ́. Ẹnikẹ́ni tí ó bá rí i tí bébà ń lu ní ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀ láti ọwọ́ ara rẹ̀ yóò rò lójijì pé òun ti di ọdẹ aperin. Ìbọn náà kò béèrè agbára, kò béèrè sùúrù, kò béèrè ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ọ̀gá nínú igbó. Gbogbo ohun tí ó béèrè kò ju ìka kan lọ.

Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dá gbogbo ènìyàn dúró, tí a sì lọ wo àwọn bébà, a rí ohun mìíràn. Lára bébà tiwa àti lára ti àwọn àlejò mìíràn, àwọn ihò tí a fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lu sún mọ́ àárín. Àwọn tí a fi ìkánjú lu wà káàkiri, àwọn mìíràn kò sì kan bébà rárá. Bí ìka ti ń yára sí i ni ojú ń kúrò lára àmì. Ìbọn tí ń ki ara rẹ̀ lè bá ènìyàn ki ọta, ṣùgbọ́n kò lè bá ènìyàn fojú sùn.

Níbo wá ni àwọn ọta tí kò kan bébà lọ? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Lẹ́yìn gbogbo àmì tí ó wà ní pápá náà, wọ́n ti fi katakata kó erùpẹ̀ jọ, ó ga bí òkè, ó sì nà láti ìpẹ̀kun kan dé ìpẹ̀kun kejì. Inú erùpẹ̀ yìí ni gbogbo àṣìyìn ń parí sí. Alákòóso sì wà níbẹ̀ tí ojú rẹ̀ kò kúrò lára wa. Bí ó bá ké pé kí a dúró, olúkúlùkù yóò gbé ìbọn kalẹ̀, yóò sì bọ́ sẹ́yìn. Kò sí ọlọ́rọ̀, kò sí tálákà, kò sí ẹni tí ó lè sọ pé òun kò gbọ́.

Ẹ̀YÌN ÀMÌ

Nígbà náà ni ó yé wa pé kì í ṣe ìbọn ni ó mú kí ibẹ̀ wà ní àlàáfíà. Òkìtì erùpẹ̀ ni, òfin mẹ́rin ni, ojú alákòóso ni. Bí a bá gbé ìbọn nìkan kúrò níbẹ̀ wá sí oko, tí a fi òkìtì àti òfin àti alákòóso sílẹ̀ lẹ́yìn, a kò tíì gbé ààbò wá. Ikú ni a gbé wá.

Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ rò ó wò. Ọta SKS ń fi ẹnu ìbọn sílẹ̀ ní eré tí ó ju ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin mítà lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì lè rìn ju kìlómítà kan lọ kí agbára ikú tó kúrò lára rẹ̀. Ẹ wo oko kòkó wa: níbo ni òkìtì erùpẹ̀ wà? Lẹ́yìn ẹni tí a rò pé ó jẹ́ olè, àwọn obìnrin jókòó tí wọ́n ń pa kòkó. Lẹ́yìn wọn, ọmọ ń bọ̀ láti odò pẹ̀lú korobá omi lórí. Níwájú díẹ̀, adẹ́mu wà lórí ọ̀pẹ. Ewé kòkó kò lè dá ọta yìí dúró, ògiri abà wa kò sì lè dá a dúró. Ọwọ́ àwọn ọdẹ wa ti mọ́ ìbọn tí ọta rẹ̀ tètè ń rẹ̀. Síbẹ̀ náà, a ṣì ń gbọ́ lóòrèkóòrè pé ọdẹ yin ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú òkùnkùn, tí ó pè é ní ẹran. Bí èyí bá ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí ó ní ọta kan ṣoṣo, tí ó sì mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ rò ó dáadáa kí òun tó lò ó, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí ó ní mẹ́wàá tí ẹ̀rù sì ń bà á?

Ohun kejì tí a fẹ́ kí ẹ rò ni owó. Nínú gbogbo ohun tí ó wà ní pápá náà, ìbọn ni ó dín owó jù. Ẹni tí ó bá ra á yóò ra ọta láti fi kọ́ ọ, kì í sì í ṣe ọta mẹ́wàá tàbí ogún, nítorí pé ọwọ́ tí kò bá máa yìn ín yóò gbàgbé rẹ̀. Yóò ra àpótí onírin tí yóò máa tì í mọ́, kí ọmọ má bà á fi ṣeré, kí olè má sì bà á gbé e. Yóò máa nù ún, yóò máa fi òróró pa á. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n sọ fún wa pé bí gírísì líle tí wọ́n fi pa á mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ bá wà ní ibi tí abẹ́rẹ́ tí ń gún ìdí ọta wà, abẹ́rẹ́ náà lè há síwájú, ìbọn náà yóò sì máa dún fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fa apátí. Irú ìbọn bẹ́ẹ̀ nínú abà tí àwọn ọmọ ń sùn sí, ṣé ẹbùn ni tàbí ègún?

Ọta rẹ̀ ńkọ́? Ní ọdún 2021, ìjọba Amẹ́ríkà dáwọ́ ìwé àṣẹ tuntun fún kíkó ọta ìbọn wọlé láti Rọ́ṣíà dúró, àwọn tí ó ní irú ìbọn yìí sì mọ̀ ọ́n lápò wọn. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ sí ará Amẹ́ríkà, báwo ni yóò ti rí fún àgbẹ̀ Ìjẹ̀bú tàbí ti Òkè-Ògùn? Ṣakabùlà, alágbẹ̀dẹ wa ni ń rọ ọ́. Ẹni tí ó bá fi ààbò rẹ̀ sí orí ohun tí ìjọba ilẹ̀ òkèèrè lè fi gègé ìkọ̀wé kan dá dúró, onítọ̀hún kò tíì gba òmìnira.

ÀWỌN TÍ Ó TI DÁN AN WÒ

Kò sí ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ máa méfò, nítorí pé àwọn orílẹ̀-èdè kan ti dán ọ̀rọ̀ yìí wò. Ní ọdún 2018, àwọn oníṣirò fojú bù ú pé ìbọn tí ó wà ní ọwọ́ àwọn ará ìlú ní Amẹ́ríkà tó mílíọ̀nù 393, èyí tí ó ju iye ènìyàn tí ó wà níbẹ̀ lọ. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ìbọn ni ààbò, kò yẹ kí orílẹ̀-èdè kankan ní ààbò tó wọn. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2021 nìkan, àwọn tí ìbọn pa níbẹ̀ jẹ́ 48,830. Nínú wọn, 26,328 ni ó fi ọwọ́ ara wọn pa ara wọn. A kò sọ pé ìbọn bí SKS ni ó pa wọ́n. Ìbọn ìléwọ́ ni ó ń pa ènìyàn jù níbẹ̀. Ohun tí a ń wí ni pé ìbọn tí a rà nítorí olè kì í dúró de olè. Ó ń gbé inú ilé pẹ̀lú ìbínú, pẹ̀lú ọtí, pẹ̀lú ìbànújẹ́ ọkàn, ọjọ́ gbogbo ni ó sì fi ń gbé pẹ̀lú wọn.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ọ̀nà mìíràn. Ní ọdún 1987, ọkùnrin kan tí ó ní ìwé àṣẹ fún ìbọn rẹ̀ jáde ní ìlú Hungerford, ó sì pa ènìyàn mẹ́rìndínlógún. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ìjọba wọn fi òfin de ìbọn ọlọ́pàá gígùn tí ń ki ara rẹ̀, àyàfi èyí tí ọta rẹ̀ kéré jọjọ. A kò ní kí a máa ṣe gbogbo ohun tí Gẹ̀ẹ́sì bá ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rí i tí aládùúgbò rẹ̀ já sí kòtò, tí òun náà sì gba ibẹ̀, kò lè sọ pé òkùnkùn ni ó fà á.

ÌTÀN ILẸ̀ WA

A mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé ìtàn ilẹ̀ wa kò bá wa sọ bẹ́ẹ̀. Wọn yóò rán wa létí ogun Kírìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877. Nígbà tí ìbọn òyìnbó tí a ń kì láti ìdí dé ọ̀dọ̀ àwọn Èkìtì Parapọ̀, apá Ìbàdàn kò ká wọn mọ́. Wọ́n tilẹ̀ ní ìró àwọn ìbọn ogun náà ni a fi sọ ọ́ ní Kírìjì. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ka ìtàn náà tán. Ta ni ó wá ìbọn náà? Kì í ṣe ẹnì kọ̀ọ̀kan ni ó lọ sí ọjà lọ ra tirẹ̀. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tí ó wà ní Èkó ni ó kó ara wọn jọ ní ẹgbẹ́, tí wọ́n sì ràn àwọn ará ilé lọ́wọ́. Ọwọ́ ta ni ìbọn náà wà? Ọwọ́ àwọn jagunjagun tí ó wà lábẹ́ àṣẹ Ògèdèngbé àti àwọn balógun mìíràn ni. Kí ni ó sì parí ogun náà? Ìbọn kọ́; àdéhùn tí a ṣe ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹsàn-án ọdún 1886 ni ó la ọ̀nà àlàáfíà, kò sì sí ẹni tí ó jàǹfààní ìjà náà ju òyìnbó tí ó ń dúró de wa ní Èkó lọ.

Ẹ wo Àgbẹ́kọ̀yà náà. Ní ọdún 1968 àti 1969, àwọn àgbẹ̀ wa dìde sí ọ̀rọ̀ owó orí. Ṣakabùlà àti àdá ni ó wà lọ́wọ́ wọn. Àwọn ọlọ́pàá àti ọmọ ogun ni ó ní ìbọn òyìnbó. Síbẹ̀ wọ́n já ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi ní Ìbàdàn, ìjọba sì gbọ́dọ̀ jókòó pẹ̀lú wọn kí ó sì dín owó orí kù. Kì í ṣe ìbọn ni ó fún wọn ní agbára, nítorí pé ní ti ìbọn, ìjọba jù wọ́n lọ fíìfíì. Ohùn kan tí wọ́n ní ni agbára wọn. Àìrìn pọ̀ ni ejò ń rìn tí wọ́n fi ń pa á lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan bá ra ìbọn tirẹ̀ tí ó sì jókòó tì í ní abà tirẹ̀, ìrìn ejò ni a ń rìn.

ÒFIN TÍ Ó WÀ

Ó yẹ kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ mọ ohun tí òfin wí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi àìmọ̀ wọ ẹ̀wọ̀n. Òfin ìbọn tí a ń lò ni a ṣe ní ọdún 1959, nígbà tí òyìnbó ṣì ń ṣe àkóso, ọdún kan ṣáájú òmìnira. Ó pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni èyí tí a kà léèwọ̀, tí ó jẹ́ pé àṣẹ Ààrẹ nìkan ni ó lè mú kí ènìyàn ní in. Nínú rẹ̀ ni ìbọn arọ̀jò-ọta wà, àti ìbọn ológun tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ní 7.62 mìlímítà. Èkejì ni èyí tí ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá lè fún ènìyàn ní ìwé àṣẹ lé lórí, bí ìbọn ọdẹ olójú méjì. Ẹ̀kẹta ni ìbọn tí a ń kì láti ẹnu, tí ṣakabùlà jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ìwọ̀n ẹnu SKS ni 7.62 mìlímítà gan-an, nítorí náà inú èèwọ̀ ni ó wà. Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá, ó kéré tán, ni òfin náà là sílẹ̀ fún ẹni tí a bá ká irú rẹ̀ mọ́ lọ́wọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dun àgbẹ̀ nìyí, ó sì ń dun àwa náà: ọta kan náà tí SKS ń jẹ ni AK-47 ń jẹ, AK-47 yìí sì ni àwọn ajínigbé ń gbé kiri inú igbó wa láìgba ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Òfin so ọwọ́ olóòótọ́, kò so ọwọ́ ọ̀daràn. Nígbà tí àwọn gómìnà ìpínlẹ̀ mẹ́fà ilẹ̀ wa dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kìíní ọdún 2020, ayọ̀ ńlá ni ó jẹ́ fún wa. Ṣùgbọ́n òfin àgbà ti ọdún 1999 ti kó ọ̀rọ̀ ìbọn àti ọta àti ọlọ́pàá sí ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan. Ní ọdún 2022, Gómìnà Rotimi Akeredolu ti Òǹdó, tí ó di olóògbé ní ọdún 2023, fi ìbínú béèrè ìdí tí a kò fi gba Àmọ̀tẹ́kùn láàyè láti gbé ìbọn tí ó tó ti ọ̀tá. Ìbéèrè tí ó tọ́ ni, ó sì dára ju kí a máa béèrè pé kí a fún olúkúlùkù.

OHUN TÍ A Ń FẸ́

Èkíní, a ń rọ ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ àti gbogbo àgbẹ̀ pé kí ẹ má ṣe ra ìbọn òkùnkùn lọ́wọ́ àwọn tí ń kó o gba ẹnu ibodè wọlé. Ẹni tí ó tà á fún yín ni yóò tà á fún ọ̀tá yín, òun náà ni yóò sì sọ fún ọ̀daràn pé ẹ ní in nílé. Ìbọn tí a fi pamọ́ lábẹ́ ibùsùn ń pe olè wá sí ilé ni.

Èkejì, a ń fẹ́ pápá ìyìnbọn ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tí yóò ní òkìtì erùpẹ̀, tí yóò ní òfin, tí yóò sì ní alákòóso tí kì í wo ojú ẹnikẹ́ni. Katakata kan àti iṣẹ́ ọjọ́ díẹ̀ ni yóò mọ òkìtì náà. Kí àwọn ẹgbẹ́ ọdẹ wa, pẹ̀lú ṣakabùlà àti ìbọn olójú méjì tí òfin gbà, máa lọ síbẹ̀ kọ́ òfin mẹ́rin náà, kí ẹnikẹ́ni tí kò bá yege má ṣe gba ìwé àṣẹ. Èyí kò nílò kí a yí òfin kankan padà. Gómìnà tí ó bá fẹ́ ṣe é lè bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ó ń bọ̀.

Ẹ̀kẹta, a ń fẹ́ kí a tún òfin àgbà ṣe, kí ìpínlẹ̀ lè ní ọlọ́pàá tirẹ̀, kí àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó tí a ti kọ́ dáadáa sì lè gbé ìbọn tí ó tó iṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n kí ìbọn náà jẹ́ ti ìlú. Kí ó ní nọ́ńbà, kí ó ní ilé tí a ń tì í mọ́, kí a máa kọ orúkọ ẹni tí ó gbé e jáde àti iye ọta tí ó fi padà. A kò fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ajínigbé kí a sì bọ́ sí ọwọ́ jàǹdùkú tí òṣèlú kan fi ìbọn lé lọ́wọ́ ní àkókò ìdìbò. Ilẹ̀ wa ti rí èyí rí, ní ọdún 1965, nígbà tí a ń pe ìjà náà ní Wẹ́tíẹ̀. Epo pẹtiróòlù àti ìṣáná ni wọ́n fi ń jà nígbà náà. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a rí i pẹ̀lú ìbọn tí ń ki ara rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, kí ìwé àṣẹ fún ìbọn tí òfin gbà rọrùn fún àgbẹ̀ láti gbà, láìsí pé ó ń san ẹ̀yìn fún ẹnikẹ́ni. Òfin tí ó bá mú kí ọ̀nà olóòótọ́ gùn ju ti ọ̀daràn lọ, òfin náà ni ó ń sọ ènìyàn di ọ̀daràn.

Ẹ̀karùn-ún, kí a má gbàgbé pé ohun tí ń gba àgbẹ̀ là jù ni kí ìrànlọ́wọ́ tètè dé. Ọ̀nà oko tí ọkọ̀ lè gbà, ọ̀pá tẹlifóònù tí ń gbé ohùn dé abà, ẹ̀ṣọ́ tí ó mọ orúkọ gbogbo igbó: àwọn wọ̀nyí ni odi tí a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ. Ọ̀tá tí ó mọ̀ pé ìdajì wákàtí ni ìrànlọ́wọ́ yóò fi dé kì í bẹ̀rù ìbọn kan. Ṣùgbọ́n bí ó bá mọ̀ pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, yóò wá oko mìíràn lọ.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ ilẹ̀ wa, ẹ̀yin ni ẹ bọ́ wa, ẹ̀yin ni owó kòkó yín kọ́ ilé ẹ̀kọ́ tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa ti kàwé. Ẹ̀tọ́ yín ni ààbò jẹ́, kì í ṣe àánú. Nítorí náà, bí olóṣèlú kan bá dé abà yín tí ó ní òun yóò fún yín ní ìbọn olówó pọ́ọ́kú bí ẹ bá dìbò fún òun, ẹ bi í léèrè pé níbo ni pápá wà, ta ni yóò kọ́ wa, ta ni yóò máa ka ọta, àti pé kí ni ó wà lẹ́yìn àmì. Bí kò bá ní ìdáhùn, ẹ jẹ́ kí ó máa gbé ìbọn rẹ̀ lọ. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n.